Bí A Ṣe Ń Gba Orin Inú Àwo Àtijọ́ Sínú Kọ̀ǹpútà

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Èkó, àpótí àwo bàbá ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn tàbí lórí àjà, tí àwo àpàlà, sákárà, jùjú àti háílàìfù ń bá eruku gbé nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ wọn náà kì í jìnnà síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí a ó ṣe jí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dìde, tí a ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, tí a ó sì gba orin inú àwo sílẹ̀ kí àwo náà tó lọ́ tàbí kó tó fọ́. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí lórí àwo tó lé ní igba tí bàbá mi fi sílẹ̀, mo sì tún ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ṣe lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé mo kánjú nígbà àkọ́kọ́. Ohun tí àtúnṣe náà kọ́ mi ni pé orin tí abẹ́rẹ́ kò bá rí gbé nínú ìlà àwo, kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè dá a padà. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú àlàyé yìí dá lórí ohun tí a ń ṣe kí a tó tẹ bọ́tìnnì tó ń gba ohùn sílẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń yí àwo

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀rọ tí ẹ ní lọ́wọ́, nítorí pé àìsàn ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Nínú àwọn rédíógíráàmù tí àwọn òbí wa rà láàárín 1960 sí 1975, Garrard tí wọ́n ṣe ní Swindon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí BSR ni ẹ ó sáábà bá. Kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré kan ló ń gba agbára lọ́wọ́ mọ́tò nínú wọn, òun náà ló sì ń fara ro etí ọpọ́n irin tí àwo ń jókòó lé, tí ọpọ́n náà fi ń yí. Bí ẹni tó lò ó kẹ́yìn kò bá yọ ọ́ nínú jíà kí ó tó pa á tì, rọ́bà náà yóò ti tẹ̀ wọnú lójú kan, ẹ ó sì máa gbọ́ "gbì, gbì" lábẹ́ orin ní gbogbo ìgbà tí ojú ibẹ̀ bá yí kàn. Ẹ rẹ òwú sínú spirit, kí ẹ fi nu etí kẹ̀kẹ́ náà àti inú ọpọ́n irin dáadáa. Bí ìró náà kò bá lọ, ẹ wá kẹ̀kẹ́ mìíràn, nítorí rọ́bà tó ti kú kì í jí. Gíríìsì tí ilé iṣẹ́ fi sí abẹ́ ẹ̀rọ náà yóò ti gan bí àtè, òun ló sì ń fà á tí apá ẹ̀rọ kì í fi í gbéra tàbí tí ó fi ń dúró gbọin láàárín ọ̀nà. Ẹ fi spirit fọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ kán epo maṣíìnì ìránṣọ ẹyọ kan tàbí méjì sí ìdí ọpọ́n àti sí oríkèé àwọn irin tó ń rìn. Epo náà kò gbọdọ̀ kan kẹ̀kẹ́ rọ́bà, nítorí bó bá kàn án, kẹ̀kẹ́ yóò máa yọ̀, àwo yóò sì máa yí bó ṣe wù ú.

Ní ti ẹ̀rọ oníbẹ́líìtì, bẹ́líìtì gan-an ni ẹ ó pààrọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun mìíràn dípò rẹ̀. Oníṣẹ́ rédíò kan ládùúgbò wa gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ fún mi, ó yí i mọ́ mọ́tò, ó ní iṣẹ́ ti parí. Àwo ń yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà náà nípọn ju bẹ́líìtì àtilẹ̀wá lọ, ìnípọn rẹ̀ sì sọ idẹ ẹnu mọ́tò di ńlá, nítorí náà gbogbo olórin wá ń kọrin bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ fi okùn wọn ibi tí bẹ́líìtì ń gbà yípo, kí ẹ fi iye náà àti orúkọ ẹ̀rọ yín béèrè èyí tó bá a mu.

Oríṣi kẹta ni èyí tí mọ́tò wà lábẹ́ ọpọ́n gan-an, irú Technics SL-1200MK2 tó jáde ní 1979, tí àwọn DJ fẹ́ràn. Kírísítálì ló ń ṣọ́ ìyára rẹ̀, kò sì gbára lé iná ilé láti mọ bí yóò ṣe yí. Bí ẹ bá lè yá irú rẹ̀ fún oṣù kan, ẹ yá a, kí ẹ sì jẹ́ kí rédíógíráàmù bàbá máa ṣe ẹ̀ṣọ́ pálọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn tó fẹ́ kí orin jáde láti inú ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ kọ ọ́, àmọ́ àwo ni à ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ibi tí ẹ̀rọ bá jókòó sí gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Spirit level táwọn bíríkìlà ń lò dára, ẹ sì lè gbé abọ́ gíláàsì tí omi wà nínú rẹ̀ sórí ọpọ́n kí ẹ wo bí omi ṣe dúró. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ sàn ju pákó lọ, ẹ má sì gbé sípíkà sórí tábìlì kan náà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ yóò máa gba ìgbọ̀nrìrì sípíkà mọ́ orin.

Ọ̀rọ̀ iná

Àwọn ìtọ́sọ́nà tí a ń rí kà lórí iṣẹ́ yìí kì í sọ̀rọ̀ iná, nítorí pé níbi tí wọ́n ti kọ wọ́n, iná kì í lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, òun ló lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Mọ́tò inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kì í wo agbára iná kí ó tó mọ bí yóò ṣe yára tó. Iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó ń tẹ̀ lé, iye náà sì jẹ́ 50 Hz ní Nàìjíríà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sójú kan. Bí ẹrù rẹ̀ bá fúyẹ́, ó lè lé ní 52, bí ohun ńlá kan bá sì gbéra lórí rẹ̀, yóò já wálẹ̀. Àwo àkọ́kọ́ tí mo gbà sílẹ̀, iná jẹnẹrétọ̀ ni mo fi gbà á. Nígbà tí mo wá jókòó gbọ́ ọ, ohùn gángan ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní àárín òwe tí onílù ń pa lọ́wọ́. Fìríìjì àwọn ará ìsàlẹ̀ ló gbéra nígbà náà. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ nípa ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò ṣe é gbà sílẹ̀ lórí irú iná bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ fi bébà oníìlà yíyí ká sórí ọpọ́n, kí ẹ tan gílóòbù sí i, kí ẹ wò ó bóyá àwọn ìlà náà dúró sójú kan. Lábẹ́ iná 50 Hz, ìlà 180 ló wà fún ìyára 33⅓, ìyẹn iye ìgbà tí àwo ńlá (LP) ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọgbọ́n náà dára lórí iná NEPA, ṣùgbọ́n lórí jẹnẹrétọ̀ irọ́ ni yóò pa fún yín, nítorí pé gílóòbù àti mọ́tò jọ ń ṣìnà pọ̀ ni. Kíkà ló dá mi lójú jù. Ẹ lẹ bébà kékeré kan mọ́ etí àwo, kí ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé e, kí ẹ sì fi aago fóònù ka iye ìgbà tí bébà náà yí kọjá. Ìyípo 100 gbọ́dọ̀ gba ìṣẹ́jú mẹ́ta géérégé. Bó bá parí ní ìṣẹ́jú-àáyá 173, a jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń fi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún yára jù, èyí sì tó láti gbé ohùn akọrin kúrò ní ipò rẹ̀.

Àwọn ẹbí wa tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ máa ń gbé ẹ̀rọ wálé pẹ̀lú, wọ́n á sì ra transformer tó ń sọ iná 230 di 117 tì í. Transformer kò lè sọ 50 Hz di 60. Bí mọ́tò ẹ̀rọ náà bá jẹ́ irú èyí tó ń tẹ̀ lé iye yẹn, àwo 33⅓ yóò máa yí ní nǹkan bí 27.8, orin yóò sì máa fà bí ẹni tó ń tòògbé, àfi bí ẹ bá pààrọ̀ idẹ ẹnu mọ́tò sí èyí tí wọ́n ṣe fún 50 Hz.

Ní kúkúrú, ẹ fi iná NEPA gbà á ní òru tí àdúgbò ti dákẹ́, tàbí kí ẹ lo inverter tí iná rẹ̀ jẹ́ pure sine wave. Àwọn inverter olówó pọ́ọ́kú tí iná wọn kò rí bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí mọ́tò gbóná, wọ́n sì máa ń kùn bí oyin wọnú orin.

Abẹ́rẹ́ àti ìwọ̀n rẹ̀

Ẹ má ṣe gbé abẹ́rẹ́ tí ẹ bá lórí ẹ̀rọ lé àwo kankan. Ẹ kò mọ iye ọdún tó ti ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ tó bá sì ti jẹ máa ń ní ẹnu mímú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi bíléèdì, orin ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì kọ́kọ́ máa ń gé dànù nínú ìlà. Kátírììjì, ìyẹn orí kékeré tí abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, sáábà máa ń jẹ́ oríṣi seramíìkì nínú rédíógíráàmù, tó ń fi gíráàmù mẹ́rin sí mẹ́fà tẹ àwo mọ́lẹ̀. Èmi kì í lò ó fún iṣẹ́ yìí. Kátírììjì onímágínẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ rà. Àpẹẹrẹ kan ni ìdílé AT-VM95 tí Audio-Technica ń ṣe, tí ìwọ̀n tó yẹ fún èyí tí ẹnu abẹ́rẹ́ rẹ̀ rí roboto jẹ́ gíráàmù méjì. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ lè yọ abẹ́rẹ́ nìkan lára rẹ̀, kí ẹ fi èyí tó nípọn tí wọ́n ṣe fún àwo 78, ìyẹn àwo àtijọ́ tó ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, sí i. Ìlà àwo 78 fẹ̀ púpọ̀ ju ti LP lọ, abẹ́rẹ́ LP yóò kàn máa wọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí eruku wà ni, orin tó wà lára ògiri rẹ̀ kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Láti wọn apá ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ yí bọ́tìnnì anti-skate, èyí tí kì í jẹ́ kí apá máa fà sí àárín àwo, sí òdo, kí ẹ yọ ìdérí abẹ́rẹ́, kí ẹ sì máa yí òkúta ìwọ̀n tó wà lẹ́yìn apá náà títí apá yóò fi léfòó ní dọ́gba, tí kò dorí kodò, tí kò sì gbórí sókè. Ẹ wá yí nọ́ńbà tó wà níwájú òkúta náà sí òdo láì jẹ́ kí òkúta fúnra rẹ̀ yí, lẹ́yìn náà ni ẹ ó yí gbogbo rẹ̀ pọ̀ dé orí 2, kí ẹ sì gbé anti-skate náà sí 2. Ìwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà fi ń wọn gíráàmù yóò fi hàn yín bóyá nọ́ńbà ara òkúta ń sọ òótọ́. Lórí Technics, ẹnu abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìdí ibi tí orí apá ti wọ inú apá ní mílímítà 52. Fún ẹ̀rọ mìíràn, ẹ tẹ bébà ìwọ̀n tó wà fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sọ ọ́ di kékeré.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí àwo bá ń fò, kọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń gbé lé orí apá ẹ̀rọ. Fífò náà á dáwọ́ dúró, inú gbogbo ilé á sì dùn. Èmi náà ni mo wá ń gbọ́ àbájáde kọ́bọ̀ yẹn lónìí: ní ojú ibi tí ariya ti gbóná jù nínú àwọn àwo wa, ohùn ti họ, kò sì sí oògùn rẹ̀.

Ańpílífáyà àti wáyà

Ańpílífáyà tó ti sùn fún ogún ọdún kò yẹ kí a jí lójijì. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè ti gbẹ, bí iná bá sì wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ó lè bú. Àwọn oníṣẹ́ rédíò tó mọṣẹ́ máa ń so gílóòbù olówùú 60 wáàtì sí ojú ọ̀nà iná kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Bí gílóòbù náà bá tàn rokoṣo tí kò wálẹ̀, wọ́n mọ̀ pé nǹkan ti ja inú ẹ̀rọ, wọ́n á sì yọ ọ́ kí ó tó jó. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ni èyí, ẹ má dán an wò bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe ni kí ẹ fín contact cleaner sínú bọ́tìnnì ohùn àti bọ́tìnnì ìyàn, kí ẹ sì yí wọn síwá sẹ́yìn ní ogún ìgbà nígbà tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò nínú iná. Kíké tí ohùn máa ń ké bí ẹ bá fọwọ́ kan bọ́tìnnì yóò lọ.

Wáyà ẹ̀rọ àwo gbọ́dọ̀ wọ ihò tí wọ́n kọ PHONO sí, kì í ṣe AUX. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tó ń ti ara abẹ́rẹ́ onímágínẹ́ẹ̀tì jáde kéré púpọ̀, àti pé àwọn tó gbẹ́ àwo dín ohùn ìsàlẹ̀ kù kí ìlà má baà fẹ̀ jù, wọ́n sì fi kún ohùn òkè. Láti 1954 ni àwọn ilé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu kò sórí òdiwọ̀n kan fún èyí, tí wọ́n ń pè ní RIAA, ihò PHONO nìkan ló sì mọ bí a ṣe ń dá ohùn náà padà sí bó ṣe wà. Bí orin bá jáde tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní ìdí, tó dà bí rédíò inú garawa, ẹ lọ wo ihò tí wáyà wà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún máa ń dá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjì yòókù; ẹ dè é mọ́ ìdè irin tí wọ́n kọ GND sí. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ yóò gbọ́ ìkùn iná láti ìbẹ̀rẹ̀ àwo dé òpin.

Láti ara ańpílífáyà sí kọ̀ǹpútà, ihò TAPE OUT tàbí REC OUT ni ẹ ó lò. Bọ́tìnnì ohùn kò kan ibẹ̀, ẹnikẹ́ni lè yí i bó ṣe wù ú láì ba iṣẹ́ jẹ́. Àwọn ańpílífáyà Grundig, Philips àti Telefunken ayé ìgbà náà kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Ihò roboto oníka márùn-ún ni tiwọn, tí ohùn tó ń lọ sínú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ sì ń gba ìka 1 àti 4 jáde. Wáyà tó ń yí i sí oníka méjì wà lọ́jà. Ẹ má ṣe gbé wáyà sípíkà lọ sínú kọ̀ǹpútà láéláé, nítorí agbára tó wà níbẹ̀ yóò jó o. Ihò máíkì láptọ́ọ̀pù náà kò dára, nítorí pé ó ń sọ ọ̀tún àti òsì di ọ̀kan, ó sì ń gbé ohùn sókè ju bó ti yẹ lọ. Àpótí kékeré tó ń wọ USB ni kí ẹ rà. Behringer UFO202 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí owó wọn kò pọ̀, ó sì ní ihò PHONO tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ańpílífáyà rẹ̀ ti kú pátápátá ṣì lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ìkùn bá ṣì wà lẹ́yìn tí ẹ ti de GND, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù kí ó máa lo bátìrì rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni ìkùn náà ti ń wá.

Fífọ àwo

Àwo òde àríyá kì í dọ̀tí bí àwo ilé. Mo fọ àwo sákárà kan tó ti lọ òde tó pọ̀, omi rẹ̀ dúdú bí omi ewé, nǹkan kan sì lẹ̀ mọ́ ojú kejì rẹ̀ tó jẹ́ pé bíà tó ti gbẹ ni. Kí n tó fọ̀ ọ́, ó ń dún bíi gúgúrú tó ń bú nínú ìkòkò. Lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́, mo gbọ́ gòjé níbi tí mo ti rò pé àwo ti jẹ tán.

Omi tí kò ní ohunkóhun nínú ni ẹ ó lò. Omi kànga dẹ̀rọ àti omi inú ọ̀rá máa ń fi ẹfun sílẹ̀ sínú ìlà bí wọ́n bá gbẹ. Omi tí wọ́n ń tà fún bátìrì inverter dára, ṣùgbọ́n ẹ ka ara ike rẹ̀ dáadáa, nítorí pé wọ́n ń tà ásíìdì nínú ike tó jọ ọ́. Ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ẹyọ kan sí i, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gan-an tẹ̀ lé ìlà àwo yípo, kí ẹ má ṣe fọ̀ ọ́ gba àárín kọjá, kí ẹ má sì jẹ́ kí omi kan bébà àárín rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi tí kò ní ọṣẹ ṣàn án, kí ẹ gbé e dúró lóòró sínú agbọ̀n abọ́ títí yóò fi gbẹ.

Àwo 78 yàtọ̀. Ṣẹ́láàkì ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe ike, spirit sì máa ń yọ́ ọ. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ni orin tí Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti kọ fún Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 wà nínú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí irú wọn wà nídìí àpótí bàbá bàbá yín. Aṣọ tí ẹ fi omi rẹ díẹ̀ ti tó fún wọn, kí ẹ tètè nù wọ́n gbẹ. Òdiwọ̀n RIAA kò sì bá wọn mu, nítorí náà ẹ gbà wọ́n sílẹ̀ bí ẹ ṣe gbọ́ wọn, kí ẹ fi àtúnṣe ohùn wọn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Gbígbà sílẹ̀

Audacity ni mo ń lò, ọ̀fẹ́ ni, kò sì ju ohun tí a nílò lọ. Ẹ yan àpótí USB yín gẹ́gẹ́ bí ibi tí ohùn ń gbà wọlé, kí ẹ sì yan stereo, kódà bí àwo náà bá jẹ́ mono. Ọ̀pọ̀ àwo ilẹ̀ wa ṣáájú 1970 ló jẹ́ mono, ṣùgbọ́n ògiri méjì ni ìlà àwo ní, abẹ́rẹ́ búburú ìgbà àtijọ́ sì lè ti ba ọ̀kan jẹ́ ju èkejì lọ. Bí ẹ bá gba méjèèjì, ẹ lè wá mú èyí tó mọ́ jù. Ní ti ìwọ̀n, 44,100 Hz ní 16 bit tó fún àwo, bí àwọn kan tilẹ̀ ń bínú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì mẹ́wàá fún ìṣẹ́jú kan, nígbà tí 96,000 Hz ní 24 bit ń gba bíi 35. Bí àpótí yín bá lè ṣe 24 bit, tí àyè sì wà, ẹ lò ó, nítorí ó ń jẹ́ kí ẹ lè gba ohùn sílẹ̀ ní jẹ́jẹ́ láì pàdánù nǹkan kan.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ibi tí orin ti le jù lójú àwo náà. Nínú jùjú, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀, nítorí gìtá ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn. Ibi tí àwọn onílù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akọrin ni. Ẹ fi ibẹ̀ ṣe òdiwọ̀n, kí ohùn tó ga jù má kọjá -6 dB lórí òdiwọ̀n ohùn inú Audacity. Ohùn tó bá kan òdo ti fọ́ nìyẹn, kò sì sí àtúnṣe. Ẹ pa sípíkà, kí ẹ lo ẹ̀rọ etí, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìgbohùnsílẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ títí ojú kan yóò fi tán pátápátá, tí abẹ́rẹ́ yóò fi máa yí lófo lórí ibi tí kò sí orin. Ibi òfo yẹn yóò wúlò lẹ́yìn. Ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú tàbí bẹ́ẹ̀ tí èyí máa gbà, kí ọmọdé má sáré nínú yàrá náà.

Lẹ́yìn tí ẹ ti gbà á

Fáìlì tó kọ́kọ́ jáde, ẹ fi pamọ́ bó ṣe wà, kí ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ ni ẹ ó máa tún ṣe. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ yọ gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 20 Hz, torí ariwo mọ́tò àti ti àwo tó lọ́ ni, kì í ṣe orin. Ẹ má gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú àpàlà, kí ẹ má baà dín agídígbo kù.

Ohun èlò tó ń yọ "pà, pà" ojú àwo àti èyí tó ń yọ ariwo kúrò wà nínú Audacity, ibẹ̀ ni mo sì ti ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ètò náà kò mọ̀ pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà láyé. Ohunkóhun tó bá dún kíá tó sì dáwọ́ dúró kíá, ìfọ́ ojú àwo ló kà á sí, nítorí náà bí ẹ bá fún un lágbára, yóò jẹ ẹnu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ṣaworo ara ìlù. Èyí tó ń yọ ariwo tún burú fún sákárà, nítorí pé híhan tí okùn gòjé ń han jọ híhan ojú àwo létí rẹ̀. Ẹ fi ibi òfo tí ẹ gbà sílẹ̀ ní òpin kọ́ ọ mọ ohun tí ariwo ń jẹ́, ẹ má yọ ju 6 dB lọ, kí ẹ sì tẹ́tí sí ohun tó yọ dànù nìkan, ètò náà gbà yín láyè. Bí ẹ bá gbọ́ ìlù nínú ohun tó dànù, ó ti pọ̀ jù. Ìfọ́ ńláńlá tí ẹ bá rí, ẹ máa fọwọ́ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń gba àkókò, ó sì sàn jù.

Lórí gígé orin sí wẹ́wẹ́, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má gé e. Láti ìdajì àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀gá jùjú àti fújì sábà máa ń fi orin márùn-ún tàbí mẹ́fà kún ojú kan láì sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ láàárín wọn, ọ̀kan ń wọnú èkejì bí omi. Ibi tí ẹ bá gé, ẹ ó gé ìlù. Ẹ fi àmì sí ibi tí orin kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi odindi ojú kan pamọ́ bíi fáìlì kan ní FLAC, tí kì í sọ nǹkan kan nù nínú ohùn, kí ẹ wá ṣe MP3 fún fóònù àti ọkọ̀. Orúkọ fáìlì ni kí ó jẹ́ orúkọ akọrin, nọ́ńbà tó wà lára bébà àárín àwo, àti ojú kìíní tàbí ìkejì. Ẹ má fi àmì ohùn sí i, nítorí àwọn ẹ̀rọ mìíràn yóò sọ ọ́ di wúruwùru, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ ní pípé pẹ̀lú àmì ohùn sínú àlàyé fáìlì náà. Ẹ̀dà méjì ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kéré jù. Ẹ̀tọ́ ọ̀pọ̀ nínú orin wọ̀nyí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n tàbí àwọn ọmọ wọn, nítorí náà kí fáìlì yín má di ohun tí ẹ ń tà tàbí tí ẹ ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì láì gba àṣẹ.

Ẹ dá àwo padà sínú páálí rẹ̀, kí ẹ tò wọ́n lóòró bí ìwé, kì í ṣe ní gbígbé ọ̀kan lé èkejì. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ ya fọ́tò bébà àárín rẹ̀ àti iwájú pẹ̀lú ẹ̀yìn páálí, kódà bí páálí bá ti ya. Bàbá mi máa ń fi báírò kọ orúkọ ẹni tó bá yá àwo sẹ́yìn páálí rẹ̀, wọ́n á sì fa ìlà sórí orúkọ náà nígbà tí onítọ̀hún bá dá a padà. Mo ya fọ́tò gbogbo wọn. Páálí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ méje sí, wọ́n ti fa ìlà sórí mẹ́fà, kò sì sí àwo nínú rẹ̀.